Oògùn Tí Bàbá Ní Kí N Má Fún Ọmọ Mi

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá fún yín sì ń padà wá gbé e? Ọkọ mi ní kí n kí yín. Ọmọ-ọmọ yín, Ọ̀gá Pátápátá tí ẹ sọ lórúkọ láti ọ̀nà jíjìn, ń fi igbe kí yín, torí igbe ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan nílé yìí. Ó ti ń jókòó fúnra rẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rọra ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tá a sì ní láti gbé e dìde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ká ní ẹ ń gbọ́ fóònù ni, n bá ti pè yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n òòlù ti gba etí yín, fóònù tí mo sì rà kí ẹ lè máa ka ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, ẹ jù ú sínú àpótí irinṣẹ́, òòlù kan náà ló tún fọ́ ọ. Lẹ́tà ló kù fún wa. Níbi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, ní ìdí àwọn aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì tí mi ò tíì lọ̀, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá.

Bàbá, ẹ rántí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, tí ẹ ní orí ọmọ náà gùn dáadáa, pé orí ọlọ́gbọ́n ni, orí bàbá yín gan-an. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Nígbà tí mo gbé e lọ fún ìwọ̀n, nọ́ọ̀sì tó ń wọn orí rẹ̀ tún un wọ̀n, ó ní kí n dúró kí dókítà wá wò ó. Wọ́n ní egungun orí ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ẹyọ kan. Abala abala ni, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn, kí orí lè máa fẹ̀ bí ọpọlọ bá ṣe ń dàgbà. Ti ọmọ wa, àlàfo tó gba àárín àtàrí kọjá ti dí ṣáájú àkókò. Orí kò ráyè fẹ̀ mọ́, ó wá ń gùn sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyè lè má tó ọpọlọ rẹ̀ tó bá yá.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Wọ́n á ṣí awọ orí, wọ́n á gé egungun náà, wọ́n á tún un tò. Ohun tó ń ba àwọn dókítà fúnra wọn lẹ́rù jù ni ẹ̀jẹ̀. Awọ orí àti egungun orí máa ń ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó sì wà lára ọmọ tó kéré tó èyí kò kún ìgò omi kan. Wọ́n ní oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fi sínú omi tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára, kí ẹ̀jẹ̀ tó bá ti dì lójú ọgbẹ́ má tètè yọ́, kí èyí tó máa ṣòfò lè dín kù.

Dókítà tó máa kùn ún lóorun bi mí nípa ẹbí. Ta ló ti ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ rí? Kí ló pa ìyá mi? Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú títì. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọjọ́ tí màmá mi bí mi ni wọ́n kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi, kí ẹ sì máa gbàdúrà fún wa.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Ìyá mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Ẹni tó mú un wá bá mi lábẹ́ ọkọ̀, ó pariwo títí, mi ò gbọ́, ló bá fi bàtà ta mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ-Sọ-Ọ́-Sókè ni gbogbo àdúgbò ń pè mí báyìí, àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Ọ̀gá Pátápátá lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà wo ni mo ti ń wo ọ̀nà lẹ́tà? Àbí ẹni tó bá ti ń gbé níbi tí iná kì í kú kì í rántí bàbá rẹ̀ mọ́ ni? Ó dáa, mo ti bá ọ wí, ó ti tán nínú mi.

Ojú tì mí nígbà tí mo ka ti orí ọmọ náà. Èmi tí mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ọkọ̀ títí màá fi rí ibi tó tẹ̀, mo wo fọ́tò ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí iṣẹ́ abẹ. Ara ọkọ̀ tó bá ti wọ́ kọjá nínà, èmi náà máa ń gé e kí n tó tún un tò. Kí wọ́n ṣe é, kí Ọlọ́run wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oògùn yẹn, rárá.

O bi mí ohun tó pa ìyá rẹ. Mi ò sọ ọ́ rí nítorí mi ò fẹ́ kí o máa gbé e kiri. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Mo fi ojú ara mi rí i. Wọ́n ti bí ọ, wọ́n ti fi aṣọ wé ọ, wọ́n gbé ọ fún mi, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Obìnrin kan gbé abọ́ tánganran jáde, aṣọ tí wọ́n fi bò ó yẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò ṣàn, ó dì gbagidi bí ẹ̀dọ̀. Wọ́n tún gbé òmíràn jáde. Kò pẹ́ sí i, wọ́n wá bá mi, wọ́n ń mi orí. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó dì tó bẹ́ẹ̀ kò lè rìn kiri ara. Ohun tó pa á nìyẹn. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ, ó wà nínú tìrẹ, ó sì wà nínú ti ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Kí lo rò pé ó ń jẹ́ kí n máa lé ọ dìde lórí àga nígbà tí o kéré? Kí ló dé tí mi ò jẹ́ kí o fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tí mo ń ní kí o rìn yí ilé po kí o tó wọlé sùn? O máa ń sunkún, o ní àwọn ọmọ tó kù kì í ṣọ́ ilé bàbá wọn bí ọlọ́dẹ. Mo ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ máa rìn ni.

Àwọn kan wá fẹ́ fún ọmọ rẹ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí o bá ka èyí tán tí o ṣì jẹ́ kí wọ́n fún un, má sọ ọ́ fún mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́. A wà láàyè.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe, bóyá kí n sunkún màmá mi ni o, àbí kí n bínú sí yín. Mo ti dàgbà tó báyìí, mo ti bímọ, kí n tó mọ ìdí tí mo fi ń rìn yí ilé. Ẹ sì mọ̀ pé èmi náà ń ṣe é níbí? Mo máa ń lé ọkọ mi dìde lórí àga tó bá ti pẹ́ níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ibi tó ti wá. Nígbà tí mo ka ti abọ́ náà fún un, ó dìde fúnra rẹ̀, ó lọ gbé ọmọ.

Mo sọ ọ́ fún dókítà tó máa kùn ún lóorun. Dókítà Oorun ni mo ń pè é. Ó kéré sí mi, ó máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bá ọmọ ṣeré kó tó dá èmi lóhùn. Bàbá, bó ṣe gbọ́ ọ ló fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ ọmọ wa kúrò ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi fún wa. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá máa ń dì nínú iṣan àwọn ẹbí wa, àwọn gbọ́dọ̀ mọ̀ kí àwọn tó fún un ní ohunkóhun. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n gba tèmi náà. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé èmi ni mo gún un.

Àsìkò ń lọ. Wọ́n ní kò dáa kó pẹ́ jù, torí egungun rẹ̀ ń le sí i, iṣẹ́ náà á sì máa tóbi sí i bó bá ṣe ń dàgbà.

Dókítà Oorun ní oògùn náà kì í lọ bá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ nínú iṣan kó sọ pé kó dì. Ara fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀jẹ̀ dídì dí ojú ọgbẹ́, ara náà ló sì tún ń yọ́ ọ. Tí ọgbẹ́ bá tóbi, yíyọ́ máa ń yá ju dídí lọ, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde lọ. Yíyọ́ yẹn ni oògùn náà ń dá dúró fún ìgbà díẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pàdánù sì ń dín kù, èyí tí wọ́n ní láti gbà lára ẹlòmíràn náà ń dín kù.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn. Ṣé inú ara màmá mi ni ẹ̀jẹ̀ náà ti dì ni, àbí lẹ́yìn tó jáde? Ṣé ẹsẹ̀ wọn wú? Ṣé èémí wọn ṣàdédé há? Ó ní ohun méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni.

Ta ló wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn, Bàbá? Ẹ̀yin wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú yàrá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le.

Dókítà tí kò tíì sí láyé nígbà tí ìyá rẹ kú ló ń bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo rí. Mo ti kọ ohun tí mo rí fún ọ.

Ìyá Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ ṣì wà láyé. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn lápá ibòmíràn nílùú. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Tí mo bá rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, apá kejì títì ni mò ń gbà, mi ò sì ní yí i padà nítorí dókítà tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí wọ́n gé egungun. Kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ de ọmọ náà, púpọ̀. Oògùn yẹn, mi ò fọwọ́ sí i. Èmi ṣì ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le níwájú, ẹ fi orí jì mí, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Èsì àyẹ̀wò ti jáde. Wọn ò rí ohunkóhun nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, wọn ò rí i nínú tèmi. Wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ tuntun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún. Dókítà Oorun ní pẹ̀lú ohun tí àwọn rí, òun á fẹ́ fún un ní oògùn náà. Ó ní òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kò léwu rárá, torí kò sí oògùn tó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ewu ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ni òun rí lójú, òun kò tíì rí ti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan. Bí èmi bá sì kọ̀, àwọn á ṣe é láìsí oògùn, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i bó bá ti ń pàdánù tirẹ̀. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀ fún ọmọ kékeré. Ó ní kí n lọ rò ó.

Ọkọ mi ní kí wọ́n fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ìgbà náà, bá a bá ti jókòó, ọ̀rọ̀ náà á jókòó tì wá. Mo bú u lánàá pé kì í ṣe ìyá tirẹ̀ ló kú. Ó gbé ọpọ́n ìfọṣọ, ó lọ ń fọ aṣọ ọmọ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ náà ti ń pàtẹ́wọ́. Ó máa ń pàtẹ́wọ́ fún ìlẹ̀kùn, fún bàtà, fún ẹni tó bá ń bínú. Mo máa ń fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ tó bá sùn, mo máa ń fọwọ́ tẹ ojú ibi tó dí náà, ó ga sókè gọ́ngọ́. Mo rò ó pé nǹkan kékeré bí èyí ló fẹ́ pín èmi àti bàbá mi níyà.

Bàbá, ẹ ní ẹ̀ ń gba apá kejì títì fún Ìyá Agbẹ̀bí. Èmi náà lẹ gba apá kejì títì fún, ní gbogbo ìgbà tí mo bi yín léèrè nípa màmá mi. Ẹ máa ń mú òòlù. Bí mo bá ti ní "Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe rí?" òòlù á dún. Mi ò bínú mọ́. Mo kàn ń bẹ̀ yín kí ẹ lọ bá wọn.

Mi ò tíì fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́tà yín ni mò ń dúró dè. Bí kò bá dé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, èmi nìkan ni màá dá a pinnu.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi, ọmọ mi,

Fún un. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn kí n tó kí ọ, torí bí ẹnì kan bá dá ọ lẹ́kun kíkà níbi kan, kí o ti rí i. Jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn náà.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ tí mò ń kun ọkọ̀ kan. Mo kà á tán, mo gbé ẹ̀rọ ìfín-ọ̀dà dání, mi ò mọ̀ pé mo ti ń fín ọ̀dà sára ògiri. Lọ́jọ́ kejì mo wẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó dáa, mo lọ.

Ìyá Agbẹ̀bí jókòó sínú yàrá kan tó ní fèrèsé sójú pópó, wọ́n ń to aṣọ ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n ti gbó, ojú wọn ṣì mú. Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n ní kí n jókòó síwájú àwọn, kí n máa wo ẹnu àwọn, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo gbé lẹ́tà rẹ fún wọn, mo ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló pa ìyá rẹ. Wọ́n kà á, wọ́n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, ṣé ohun tí mo gbà gbọ́ láti ọjọ́ yìí nìyẹn?

Mo ní mo rí i.

Wọ́n ní, "Ohun tí o rí jáde kúrò lára rẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti jáde tó wà nínú abọ́ máa dì, ti ẹnikẹ́ni máa dì. Èyí tó kù nínú ara rẹ̀ ni kò dúró. Ó ń dà. A fún un ní abẹ́rẹ́ kí ilé ọmọ rẹ̀ lè súnkì, a fọwọ́ ra ilé ọmọ náà, a fi aṣọ dí i, ó ń dà. Ìyàwó ẹ dà tán lọ́wọ́ wa ni."

Mo béèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún mi. Wọ́n ní mi ò bi wọ́n. Wọ́n ní mo gbé ọmọ, mo kẹ̀yìn, mo lọ, àwọn sì rò pé mo mọ̀. Wọ́n tún ní nígbàkígbà tí àwọn bá rí mi tí mo ń gba apá kejì títì, ohun tí àwọn ń rò ni pé mo gbà pé àwọn ló pa á. Ó ti ń dùn wọ́n láti ọjọ́ yẹn wá. Ọmọ mi, mo bẹ̀ wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹ̀wù tó dáa náà.

Nígbà tí mo dìde, wọ́n fi ìka kan orúkọ oògùn tí o kọ sẹ́yìn ìwé rẹ. Wọ́n ní kí àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń fún àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò bá dá lẹ́yìn ìbímọ ní oògùn yìí kan náà. Mo béèrè bóyá ó wà nígbà ti ìyá rẹ. Wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ àwọn nígbà náà. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, àwa méjèèjì wá ń wo ojú pópó.

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi bá mi pè ọ́. Nọ́ńbà rẹ tí mo fi ẹfun kọ sára ògiri, òun gan-an ni mo fín ọ̀dà sí. A gbìyànjú láti kà á lábẹ́ ọ̀dà, ibi mẹ́ta wà tí a ò mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí méje. Aránṣọ náà pe ọ̀kan, ó pe méje. Ọkùnrin kan tó gbé e ní a ti jí òun, ó pa á. Mo tú gbogbo lẹ́tà rẹ wò, o ò kọ nọ́ńbà sínú ọ̀kankan, o mọ̀ pé mi ò ní pè. Kò sí bí lẹ́tà yìí ṣe máa bá ọjọ́ kẹjọ. Síbẹ̀ mo ń kọ ọ́.

Bí ó bá bá ọ, fún un. Bí kò bá sì bá ọ mọ́, mi ò mọ ohun tí màá bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ọmọ yín yè. Ọmọ-ọmọ yín wà láàyè, ó ń mu wàrà, ojú rẹ̀ wú débi pé kò lè là á tán, ó sì ti pàtẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì kan láìrí i.

Mo ní ohun kan láti sọ. Ẹ ní n má sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e. Mo jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn náà.

Mo dúró de lẹ́tà yín. Ọkọ mi lọ yẹ àpótí lẹ́tà wò lówùúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ó padà wá lọ́wọ́ òfo. Wọ́n jẹ́ kí n gbé ọmọ títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn. Dókítà Oorun dúró pẹ̀lú ìwé àti bírò, kò kán mi lójú. Mo ronú nípa yín lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, tí ẹ gbé èmi dání bí mo ṣe gbé ọmọ yìí, tí ẹ̀rù bà yín tí kò sì sẹ́ni tó bá yín sọ̀rọ̀. Ó wá yé mi pé ẹ̀rù yẹn tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti màmá mi ni. Ọmọ yìí, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò. Mo fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ọmọ lé Dókítà Oorun lọ́wọ́.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jáde. Dókítà Oorun ló kọ́kọ́ wá, fìlà iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó pàdánù kéré sí èyí tí àwọn ń bẹ̀rù. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n gbé kalẹ̀ dè é, wọn ò ṣí i. Ó ní òun ò lè búra pé oògùn náà nìkan ni, ọwọ́ àwọn tó gé e náà dáa, ṣùgbọ́n inú òun dùn pé a fún un. Wọ́n ṣọ́ ọ lọ́sàn-án lóru lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń wo èémí rẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ fún wọn nípa màmá mi. Kò sí nǹkan kan. Orí rẹ̀ ti rí róbótó, Bàbá.

Mo ṣàìgbọràn sí yín nínú ohun tó jẹ́ ti màmá mi. Bí ẹ bá fẹ́ dákẹ́ sí mi, mo mọ̀ ọ́n fún yín. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Ìyá mi,

Lẹ́tà wa kọjá ara wọn lójú ọ̀nà. Tèmi á ti dé ọwọ́ rẹ báyìí, o á ti mọ̀. Tìrẹ dé lánàá. Aránṣọ ló kà á fún mi, nítorí omi ojú kò jẹ́ kí n rí i, ó sì ń ké e sókè débi pé gbogbo òpópónà mọ̀ pé orí ọmọ mi ti rí róbótó. Àwọn ènìyàn ń wá kí mi tí mi ò mọ̀ rí.

O ní o ṣàìgbọràn. Jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kẹjọ yẹn ṣe rí lọ́dọ̀ mi. Mi ò gbé òòlù. Mo jókòó sórí táyà láti àárọ̀, àwọn oníbàárà ń wá, wọ́n ń padà. Mo mọ irú ọmọ tí mo tọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí o rìn yí ilé, o máa sunkún, o máa rìn ín. Mo wá ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí táyà yẹn pé, Ọlọ́run, jẹ́ kó ta kò mí lónìí. Kò sí bàbá tó máa ń gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀. Èmi gbà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Má tún kúnlẹ̀ sí mi nínú lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ yìí. O bi mí bí ìyá rẹ ṣe rí. Ó ga jù mí lọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó máa ń fi ẹnu là mí nínú ìjà tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún rẹ wà nínú rẹ̀, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ó ń fi ẹjọ́ mi sùn ọ́. Màá máa kọ àwọn tó kù sí ọ díẹ̀díẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rántí wọn.

Láàárọ̀ yìí mo lọ sí ibi tí a sin ín sí. Ó pẹ́ tí mo ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Mo jókòó sílẹ̀, mo yọ lẹ́tà rẹ, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ké e sókè nítorí mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe ohun tó yẹ. Mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀ dà, wọ́n fún un ní oògùn, ó sì dá.

Bàbá rẹ.